Bí Oògùn Kò Bá Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ọ̀rọ̀ tí a fi sí mi lọ́wọ́ lónìí ni ti oògùn tí a kò tíì yẹ̀ wò nígbà àjàkálẹ̀-àrùn.

Nígbà tí kòrónà wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2020, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí ẹni tó ń kú lọ máa lo ohunkóhun tó bá rí. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tí àjọ NAFDAC kò bá fọwọ́ sí. Ní oṣù Kẹta, àwọn aláṣẹ ìlera ní Èkó kéde pé àwọn kan ti lo chloroquine, oògùn ibà, ju bó ti yẹ lọ títí ó fi di májèlé sí wọn lára. Ní oṣù Kẹrin, Ààrẹ Madagascar gbé àgbo kan jáde tí a fi ewé artemisia ṣe. Nígbà tí ó dé Nàìjíríà, ìjọba ní kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa. A ní nítorí pé ewé aláwọ̀ dúdú ni.

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ìyá náà ń mí gúlegúle. Owó wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà fún wa ní àgbo kòrónà." Mo mọ àgbo ibà, mo mọ ti ikọ́. Olúwo mi kò kọ́ mi ní àgbo kòrónà, nítorí àrùn náà kò sí nígbà ayé wọn. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó tètè gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ó bínú kúrò níwájú mi. Ìbínú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn àgbà ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé kan ló kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara ta ni a ó ti máa wá ewé tó kù náà?

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà. Ó rí i nínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn pé kí a rẹ irú ewé artemisia kan sínú omi, kí a sì fún un. Ìwé náà kò ní kí a sè é. Ibẹ̀ ló ti fura pé iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó dán an wò lára ẹranko. Nígbà tó kan ènìyàn, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó. Ní 2015 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú oògùn ibà tí à ń lò ní Nàìjíríà lónìí.

Ṣé bí Olúwo mi ti ń ṣe kọ́ nìyẹn? Wọn kì í fún aláìsàn ní àgbo tí àwọn fúnra wọn kò tọ́ wò. Àyẹ̀wò kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Àwa la fi awo bo ìwọ̀n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tí a lè fi dán oògùn ìbílẹ̀ Áfíríkà wò fún kòrónà. Ẹ jẹ́ kí a gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Kí a sọ orúkọ ewé, kí a sọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a kọ iye ẹni tó sàn àti iye ẹni tí kò sàn sílẹ̀. Kí ìjọba náà má fi ìlànà dí wa lọ́nà, nítorí aláìsàn kò lè dúró pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a lè sọ "n kò mọ̀" níwájú aláìsàn, kí wọ́n lè gbà wá gbọ́ lọ́jọ́ tí a bá ní a mọ̀. Ọ̀rúnmìlà á gbè wá o. Àṣẹ.