Ẹ Má Dúró De Ilé Kí Ẹ Tó Gbin Tòmátì

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ètò ìrànwọ́ dáyósíìsì bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ

Ẹ kú àdánù gbogbo ohun tí omi gbé lọ.

Ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu yín lójoojúmọ́: ìgbà wo la máa padà sílé? N kò ní dá ọjọ́ fún yín, torí omi ni yóò sọ ìgbà tí ilẹ̀ máa gbẹ. Ṣùgbọ́n èhù tòmátì máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 4 kí a tó lè ṣí i lọ sínú ilẹ̀, á tún lo bí oṣù 2 sí 3 kó tó ní èso tó pọ́n. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ padà, ọ̀sẹ̀ 4 náà ti ṣòfò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbí, èhù ni ẹ óò gbé dání lọ sílé.

Ike omi tó mọ́ gaara, tí à ń jù nù kiri yìí, ti tó. Ẹ gé e sí méjì láàárín, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò 4 tàbí 5 sí ìdí rẹ̀. Ẹ má lo ike oògùn apakòkòrò tàbí ti oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ má bu ẹrẹ̀ tí omi gbé wá. Omi yẹn ti gba inú ṣáláńgá kọjá. Ilẹ̀dú láti ibi tí omi kò dé ni kí ẹ bù. Ẹ po yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ da omi híhó sí i, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

Ẹ fi hóró 3 sínú ike kọ̀ọ̀kan, kí iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́lẹ́, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi apá òkè ike náà dé e. Ẹ yọ ọmọrí ẹnu rẹ̀ kúrò kí ooru lè ráyè jáde.

Ìdí tí a fi ń lo ike tó mọ́ gaara ni pé ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, omi kì í sì í tètè gbẹ. Ojú yín náà á sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá rí ìrì lára ike nínú, ẹ má fi omi kún un. Bí kò bá sí ìrì, tí iyẹ̀pẹ̀ sì ti funfun, ẹ wọ́n omi díẹ̀. Omi àpọ̀jù ló ń jẹ́ kí ìdí èhù rà, tó fi ń wó lulẹ̀.

Ṣùgbọ́n ike tí a dé, tí a gbé sínú oòrùn gangan, á se èhù yín jinná. Abẹ́ ìbòji tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10, hóró á hù. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà. Gbòǹgbò kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá dúdú wé apá ìsàlẹ̀ ike. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀.

Bí èhù bá ti tó ewé mélòó kan, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ já àwọn yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ga tó bírò kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ó ti tó ṣí lọ gbìn. Bí ilẹ̀ oko bá ṣì ń rì mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ háyà ilé, tí ẹ kò ní oko, àpò ìrẹsì tí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ gba tòmátì kan dáadáa.

Ẹ kọ orúkọ ìdílé yín sára ike yín. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Lọ́jọ́ tí a bá ń padà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo.