Ẹ De Aṣọ Ibòji Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Gbéra
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná rìnrìn àjò, ẹ̀yin là ń bá wí. Aṣọ ibòji ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹ má rò pé ẹ ti ká a, ó parí. Lójú ọ̀nà Interstate 80 tó gba Wyoming kọjá, afẹ́fẹ́ líle ń ti ẹ̀gbẹ́ kọlu ọkọ̀. Bó bá ráyè wọ abẹ́ aṣọ tó dẹ̀, á wú u bí ìgbòkun, ọ̀pá tẹ́ ẹ ká a mọ́ á yí, gbogbo ẹ̀ á tú síta lórí eré.

Kẹ́ ẹ tó ṣíná sọ́kọ̀, ẹ wo irin kékeré tó ń há ọ̀pá náà: ṣé ó ti há lóòótọ́? Ẹ fún àwọn nọ́ọ̀bù ara apá tó gbé ọ̀pá náà dúró le. Ẹ wá fi okùn pẹlẹbẹ de apá méjèèjì, tiwájú àti tẹ̀yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo okùn tó ń fà bíi rọ́bà, afẹ́fẹ́ á nà án. Aṣọ ibòji tó ń fi iná ṣiṣẹ́ náà ń fẹ́ okùn. Mọ́tò tó ń yí i nìkan ló sábà máa ń dì í mú.

Bẹ́ ẹ bá dúró repo, ẹ fọwọ́ mi okùn náà wò.