Àgbà Tí Ó Fẹ́ Dá Rin Ìrìn-Àjò Mímọ́

Kí ni kí á wí fún bàbá ẹni 65 ọdún, opó, tí ó pinnu láti fi ẹsẹ̀ rìn, òun nìkan, láti ilẹ̀ Faransé dé ibojì Jákọ́bù Mímọ́ ní Compostela, ní ilẹ̀ Spéìnì? Nǹkan bí 780 kìlómítà ni. Àwọn ọmọ yóò ní bàbá ń ṣarán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ bùkátà ilé lẹ́yìn odi fún 40 ọdún lè fẹ́ fi oṣù kan dá bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òkè Pyrenees ni a ń gùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, orúnkún kò sì mọ ẹ̀jẹ́! Ìjọ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀: 100 kìlómítà tí ó kẹ́yìn tó láti gba ìwé-ẹ̀rí. Kí bàbá bẹ̀rẹ̀ láti Sarria, kí ó sì máa tẹ àwọn ọmọ láago ní alaalẹ́.