Ẹ Tètè Dé Kóòtù Kí Katakata Tó Dé

Bí ìjà bá dé lórí ilẹ̀ ìsọ̀ yín ní Ìkàtẹ́ níbí, ẹ tètè wá lọ́yà. Ẹ ní kí adájọ́ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìsọ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àṣẹ náà kò sọ ẹni tó nilẹ̀ o. Ó kàn dá ọwọ́ dúró ni. Ẹ kó rìsíìtì àti ìwé àdéhùn dání.

Ní 1985, ìjọba ológun Èkó lé Ojukwu kúrò nílé kan ní Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà wà ní kóòtù. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ bá ìjọba wí gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wó ìsọ̀: ẹyin tó bá fọ́, kò ṣeé kó mọ́.