Ìdáhùn Mẹ́ta fún Ìbéèrè Kan

Kò sí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un kì í bi pé, "Ìgbà wo ló máa parí?" Bí wọ́n ṣe wá ọ̀nà láti dá ìbéèrè yìí lóhùn láìpurọ́ ni ìtàn tòní.

Lọ́dún 1958, iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń ṣe Polaris, ohun ìjà tí wọ́n fẹ́ máa yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjọ́ tó máa parí. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀, PERT, ń béèrè iye mẹ́ta lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀sẹ̀ mélòó bí ohun gbogbo bá ṣẹnuure? Mélòó bó bá rí bó ṣe sábà ń rí? Mélòó bó bá dojú rú? Wọ́n á fi mẹ́rin sọ ti àárín di púpọ̀, wọ́n á ro méjì tó kù mọ́ ọn, wọ́n á wá fi mẹ́fà pín àpapọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2, 4 àti 12, ọ̀sẹ̀ 5 ló máa jáde. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àlàfo tó wà láàárín 2 àti 12 gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: òun ló ń fi bí ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn.

Ẹ̀kọ́ yìí ò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ IBM kéde kọ̀ǹpútà System/360 ní April 1964, ètò OS/360 tó yẹ kó darí rẹ̀ sì pẹ́. Fred Brooks tó ṣáájú iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1975 pé bí iṣẹ́ bá ti ń pẹ́, àfikún òṣìṣẹ́ ló tún ń dá a dúró sí i, nítorí àwọn àgbà ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kọ́ àwọn tuntun.

Lọ́dún 1981 ni Barry Boehm, onímọ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà, wá fi iye sí àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n dá lé mílíọ̀nù 4 lè ná mílíọ̀nù 1, ó sì lè ná 16. Bí ìpinnu bá ṣe ń wáyé lórí ohun tí ètò náà máa ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ọ̀hún ń dín kù. Ọjọ́ tó kàn ń gorí ọjọ́ kò lè dín in kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi dandan gba ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu wọn níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè mẹ́ta, kí ẹ sì tún un béèrè bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.