Èérún Tí Ojú Kò Rí: Ìwádìí Lórí Ohun Ọ̀gbìn àti Ilẹ̀ Olójé

(Orin ìbẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn atọ́kùn.)

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la gbé dé lónìí. Ilẹ̀ tí à ń wí yìí, ẹ̀fọ́ ń hù níbẹ̀, àgbàdo ń yọmọ níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ kò sì lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Àmọ́ òjé wà nínú rẹ̀, kádímíọ̀mù, irin burúkú mìíràn, náà wà nínú rẹ̀.

Ní Olódó, lẹ́bàá Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ da ìdàrọ́ òjé jọ sórí ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn yẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò, òjé tí wọ́n bá níbẹ̀ kọjá ààlà. Ní Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bátìrì àlòkù ni wọ́n ń yọ́. Lọ́dún 2025, ìjọba ti díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà pa lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé Zamfara, lọ́dún 2010. Àwọn awakùsà ń lọ òkúta góòlù láàárín ilé, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Oko tó wà nítòsí irú ibẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀?

(Ìró omi odò. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rọlẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Jàpáánì, nítorí ibẹ̀ ni ayé ti mọ ohun tí kádímíọ̀mù lè ṣe. Odò kan wà ní agbègbè Toyama tó ń jẹ́ Jinzu. Ibi ìwakùsà Kamioka wà lókè odò, oko ìrẹsì wà nísàlẹ̀. Kádímíọ̀mù bá omi wá, ó wọ ilẹ̀, ìrẹsì fà á mu, àwọn ènìyàn sì jẹ ìrẹsì. Kíndìnrín wọn bàjẹ́. Egungun wọn rọ̀, ó wá ń kán. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà ló jìyà rẹ̀ jù. Ọdún 1968 ni ìjọba ibẹ̀ tó gbà pé ẹ̀gbin ibi ìwakùsà ló fa àìsàn náà. Láti 1979 ni wọ́n ti ń tún oko tó lé ní 800 hẹ́kítà ṣe, tí wọ́n ń gbé erùpẹ̀ tuntun lé orí èyí tó bàjẹ́. Ó di 2012 kí wọ́n tó parí. Jàpáánì tó lówó lọ́wọ́ lo ọdún 33 lórí ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wo nínú tiwa ló máa dán irú ìyẹn wò?

Ṣáínà náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí. Ìròyìn tí ìjọba wọn gbé jáde ní 2014 sọ pé nínú ibi 100 tí wọ́n ti bu erùpẹ̀ oko wò, ó lé ní 19 tó ti kọjá òdiwọ̀n. Kádímíọ̀mù ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tó báyìí, kíkó erùpẹ̀ dànù kò ṣeé ṣe níbi gbogbo. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń bi ara wọn pé: bí irin burúkú náà bá máa wà nínú ilẹ̀, ṣé kò ṣeé dí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọ gbòǹgbò?

Ẹnu ọ̀nà wà lóòótọ́. Ohun ọ̀gbìn kò nílò kádímíọ̀mù fún ohunkóhun, kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ fún un. Mo-gbọ́-mo-yà ni kádímíọ̀mù: ó jọ síǹkì àti mángáníìsì tí ohun ọ̀gbìn ń wá, ó bá wọn wọlé, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un. Nínú ìrẹsì, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Okayama tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà náà gan-an ní 2012. OsNramp5 ni wọ́n ń pè é, mángáníìsì ló ni ín.

(Orin kúkúrú.)

ATỌ́KÙN: Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí ẹnu ọ̀nà náà ni èérún nánò. Tí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánómítà. Èérún tí kò bá ju 100 nánómítà lọ là ń sọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Bí nǹkan bá ti kéré tó báyìí, gbogbo ara rẹ̀ ló di ojú, ó sì rọrùn fún un láti di nǹkan mìíràn mú. Èérún irin lè dì mọ́ òjé àti kádímíọ̀mù nínú ilẹ̀, kí wọ́n má lè rìn dé gbòǹgbò. Èérún síǹkì ń bá kádímíọ̀mù du ẹnu ọ̀nà. Èérún sílíkà máa ń kó jọ sára ògiri gbòǹgbò, á sì sọ ọ̀nà di híhá. Ní gúúsù Ṣáínà, wọ́n tiẹ̀ ti ń fọ́n sílíkà sára ewé ìrẹsì lóko, kí kádímíọ̀mù má baà gòkè dé inú hóró.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Yunifásítì LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ ìwádìí wọn ń ṣe èérún fàdákà láti ara ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù: èèpo obì gbànja àti èèpo kòkó; kódà wọ́n ń lo òwú aláǹtakùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á lọ èèpo obì tó ti gbẹ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi iná díẹ̀ sí i, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Wọ́n á wá bu díẹ̀ lára omi náà sínú omi iyọ̀ fàdákà tí kò ní àwọ̀ kankan. Ẹni tó bá dúró tì í á rí i tí ó ń pọ́n, tí ó ń dúdú bọ̀. Àwọ̀ tó yí padà yẹn ló ń sọ pé fàdákà ti di èérún. Ohun tó wà nínú èèpo obì ló ṣiṣẹ́ náà, kò sí pé a ń wá kẹ́míkà líle kiri.

Luqmon Azeez, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbìn mọ̀ríńgà sínú ilẹ̀ tí òjé àti kádímíọ̀mù wà. Wọ́n fi èérún fàdákà sí apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé èyí tó rí èérún gbà fa irin burúkú náà mu kéré sí èyí tí kò rí gbà, ara rẹ̀ sì le jù ú lọ.

(Ìró ọkọ́ lórí ilẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbọ́ wa, ẹ má tíì na owó. Inú ìkòkò ní láàbù ni ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyí ti wáyé. Ìkòkò kì í rí òjò àrọ̀ìrọ̀dá, kì í rí àgbàrá. Fàdákà náà gbówó lórí, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí, èyí tó dára fún ilẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Síǹkì tó bá pọ̀ jù, májèlé lòun náà. Irin burúkú tí wọ́n bá sì dè mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ni: bí ilẹ̀ bá kan lọ́jọ́ iwájú, ó lè tú.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀. Òjé kì í yá láti gun òkè. Gbòǹgbò ló máa ń jókòó sí. Púpọ̀ nínú òjé tó wà lára ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ bátìrì, eruku àti èéfín ló gbé e wá sórí ewé. Èérún inú ilẹ̀ kò lè dá eruku dúró. Ó sì dájú pé kò lè gba ọmọ tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré sílẹ̀. Ẹ̀bi ẹni tó ń yọ́ bátìrì láàárín ìlú ni, kì í ṣe ti gbòǹgbò. Òun ni kí ìjọba kọ́kọ́ mú.

Ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ lè tó lónìí wà. Ẹ fi láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù tó ti jẹrà dáadáa sí i. Bí ilẹ̀ bá ń kọni lóminú, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ ewé síbẹ̀, ewé ló ń kó kádímíọ̀mù jọ ju èso lọ. Ẹ ṣan ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìgò wá sọ́jà tó ní "nano" ló wà nínú ẹ̀, ẹ bi í pé oko wo ni wọ́n ti dán an wò, àti pé ta ló fọwọ́ sí i.

Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà nítòsí ibi ìyọ́ bátìrì tàbí ibi ìwakùsà, kó bu erùpẹ̀ kékeré láti ibi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oko náà, kó gbẹ́ ẹ jìn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Kó pò wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́, kó gbé e lọ sí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tàbí yunifásítì tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé òjé àti kádímíọ̀mù lẹ fẹ́ mọ̀, nítorí àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ kì í wo ìyẹn.

(Orin ìparí.)