Yíyan Ohun Èlò Tí Yóò Bá Ilé Àtijọ́ Mu



Yàrá ni a fẹ́ fi owó òní kún gbọ̀ngàn wa. Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí à ń ta ohun èlò ìkọ́lé sọ̀rọ̀ ṣókí lórí bí tuntun yóò ṣe bá àtijọ́ mu. Inú ọjà ni owó yìí ti wá, a kò gbọdọ̀ ná an lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní ohun tó jọra la fi ń wéra, èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n jíjọ lójú nìkan kò tó. Agbára ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo àwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Kí ẹnikẹ́ni tó wá sí ọjà Kenyatta, kí ó mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀. Ní àdúgbò àtijọ́ bí Asata, Ogui àti Coal Camp, a lè rí ilé tí a rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí lára, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀. Ẹ rántí pé 1957 ni Nkalagu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ilé tí ó ti wà ṣáájú ìgbà náà, ẹ ní kí bíríkìlà ha ibì kan níbẹ̀, kí ẹ rí inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù íńṣì 9 àti íńṣì 6 gùn bákan náà, wọ́n sì ga bákan náà. Fífẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi íńṣì 6 gbe íńṣì 9 nítorí owó, sìmẹ́ǹtì tí yóò fi tún ojú ògiri ṣe yóò gba owó náà padà.

Ibi ìsopọ̀ ló kàn. Ilé àtijọ́ ti jókòó sórí ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́. Tuntun ṣì ń bọ̀ wá jókòó. Bí a bá so wọ́n mọ́ra gírígírí, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, omi òjò náà kò sì ní wọ̀ ọ́. Kí tuntun ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí ẹnjiníà sì fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, kí a fi ohun tó rọ̀ dí i.

Ẹ wá gbọ́ ti òrùlé dáadáa, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni a fi asbestos bò, irú èyí tí Turners ń ṣe ní Emene nígbà kan. Ilé-iṣẹ́ náà ni à ń pè ní Emenite lónìí, kò sì lo asbestos mọ́. Eruku asbestos a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi ayùn gé e, kí ó má lu ú, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ. Kí òrùlé páànù tuntun bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí ti àtijọ́, kí àtijọ́ wà ní ipò rẹ̀.

Nígbà náà ni kí a tó wá sọ ti àwọ̀. Ẹ mú èérún táìlì àtijọ́ dání wá sọ́jà. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí nọ́ńbà ara páálí wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì fi páálí kan pamọ́ nítorí èyí tí yóò fọ́. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó bá a mu rẹ́gí, ẹ ra èyí tí ó yàtọ̀ gedegbe; èyí tí ó fẹ́ jọ ọ́, tí kò jọ ọ́, ni ó ń ba ojú jẹ́. Ní ti ọ̀dà, ẹ kun ojú ògiri náà láti igun dé igun.

Kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa bá ilé kan ṣoṣo, kí wọ́n má bá méjì tí ń bá ara wọn jà.